Àwọn àṣìṣe tó ń ba èsì òjé inú omi jẹ́ ní lábù

Tí ìyá kan bá gbé omi borehole wá sí lábù pé ká bá òun wò ó bóyá òjé wà nínú ẹ̀, nọ́ńbà tá a bá kọ fún un ló máa tẹ̀ lé, torí òjé kì í hàn sójú, ahọ́n ò sì lè tọ́ ọ wò. Ọpọlọ àwọn ọmọ kékeré ló máa ń bà jẹ́ jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà nínú omi mímu ní Nàìjíríà ni 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan, ìyẹn kéré débi pé eruku orí tábìlì, ike tá ò fi ásíìdì fọ̀ dáadáa, àní ásíìdì tí ò mọ́ fúnra ẹ̀, lè fi òjé tí ò sí nínú kànga sínú rìpọ́ọ̀tì.

Ìdí nìyẹn tí fífo blank fi ń bí mi nínú. Omi tó mọ́ ni blank, a ó bù ú sínú irú ike kan náà, a ó da ásíìdì kan náà sí i, ibi tí sáńpù bá gbà lòun náà máa gbà. Tí ẹ̀rọ bá wá rí òjé nínú ẹ̀, lọ́dọ̀ wa ló ti wọlé. Clair Patterson tó ń wá ọjọ́ orí ayé ní Amẹ́ríkà, òjé inú lábù ló kọ́kọ́ ń da iṣẹ́ ẹ̀ rú, ó pẹ́ gan-an tó fi ń fọ gbogbo nǹkan kó tó rí nọ́ńbà tó ṣe é gbára lé, ìgbà tó di 1956 ló gbé e jáde pé ayé ti tó bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Àwọn kan máa ń ṣe blank o, wọ́n á rí i pé ó dọ̀tí, wọ́n á kàn yọ iye yẹn kúrò lára sáńpù, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí òjé tó wọ ike kan lè má wọ èkejì, ó sì lè wọ ìkẹta ní ìlọ́po méjì. Ẹ dúró, ẹ wá ibi tó ti ń wọlé, kẹ́ ẹ sì tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Àṣìṣe míì ni kéèyàn fi standard (omi tá a ti mọ iye òjé inú ẹ̀) tó fi ṣe calibration (ìyẹn títo ẹ̀rọ kó lè ka iye tó tọ́) tún yẹ calibration yẹn wò. Ọmọ iléèwé tó ń máàkì ìdánwò ara ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ni tó pò ó bá ti bomi pọ̀ jù, gbogbo ẹ̀ á bára mu, ẹ̀rọ á gbé 0.999 jáde (tó bá ti sún mọ́ 1 báyìí, á dà bíi pé calibration dáa), síbẹ̀ èsì gbogbo ti yẹ̀. Ibòmíì ni kẹ́ ẹ ti ra standard tẹ́ ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn sáńpù mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ gbé e sí i, tó bá ti fi ju 10% yẹ̀, gbogbo sáńpù látìgbà tó ti dáa kẹ́yìn lẹ máa tún kà. Tí iná bá lọ tẹ́ ẹ tan jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí lamp, ìyẹn iná inú ẹ̀rọ, gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ sì ṣe calibration tuntun, ẹ má kàn máa bá a lọ níbi tẹ́ ẹ dé.

Duplicate náà, kíka ife kan náà lẹ́ẹ̀mejì kọ́ o, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa bu omi yẹn tá a sì máa ṣiṣẹ́ lé e lórí látìbẹ̀rẹ̀. Spike sì rèé, inú omi kọ́sítọ́mà fúnra ẹ̀ ló yẹ ká fi òjé tá a mọ iye ẹ̀ sí, torí omi borehole míì níyọ̀ tó lè bo òjé mọ́lẹ̀, omi tó mọ́ ò sì lè fi ìyẹn hàn wá. Tá a bá fi 20 sí i tá a wá rí 12 péré, 60% nìyẹn, èsì omi yẹn ò tíì ṣe é fi síta.

Sáńpù tó ga jù ńkọ́, ṣé ká sọ ọ́ nù? Ní Flint, ìpínlẹ̀ Michigan, lọ́dún 2015, sáńpù 71 ni wọ́n gbà, wọ́n wá yọ méjì tó ga kúrò, wọ́n ní wọn ò bá ìlànà mu, bí iye tí wọ́n fi ń dájọ́ omi ìlú ṣe kúrò ní máíkírógíráàmù 18 nínú lítà kan tó di 11 nìyẹn (ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù ni mílígíráàmù kan), nígbà tó jẹ́ pé 15 ni ààlà wọn nígbà yẹn. Àwọn ará ìlú sì ń mu omi yẹn lọ. Tẹ́ ò bá lè tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sáńpù kan nínú ìwé tẹ́ ẹ ti kọ kẹ́ ẹ tó rí èsì, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ásíìdì nínú ike o, kí pH ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì inú ẹ̀ ṣe le tó) wá sísàlẹ̀ 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjé á lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ ò ní rí i kà. Omi tá a fẹ́ wá kòkòrò àrùn nínú ẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn ò fẹ́ ásíìdì rárá, inú kúlà tó ní yìnyín ló máa wà, kó sì dé lábù lọ́jọ́ náà.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni "0.00" tí wọ́n máa ń kọ sí rìpọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ tí ò lè rí ohun tó bá kéré sí 0.05, báwo ló ṣe máa sọ bóyá omi kọjá 0.01? Ẹ kọ ọ́ pé "ó kéré sí 0.05", kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé fún oníǹkan pé èyí ò tíì dáhùn ìbéèrè ẹ̀, kó gbé omi náà lọ síbi tí wọ́n ti ní graphite furnace tàbí ICP-MS, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó lè rí òjé tó kéré gan-an, kódà bó bá tiẹ̀ fẹ́ gba owó ẹ̀ padà.