Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ọmọ bá ní kí ẹ ra ohun èlò orin olówó ńlá fún òun

Ọmọ mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tó sọ fún mi pé òun ti rí sáksófóònù kan tó wu òun. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn bí ọmọ náà ṣe ń fọn ún, mo sì sáré rà á. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, àpótí rẹ̀ ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó náà dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé èmi àti ọmọ mi kò lè mẹ́nu kan orin mọ́ kí inú má bí ọ̀kan nínú wa. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ mí. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í, owó ni mo fi dí i. Mo kọ èyí fún òbí tó bá wà níbi tí mo wà nígbà náà.

Ẹ má retí pé ohun èlò tuntun ló máa mú ọmọ jókòó ti orin

Èyí ló ń jẹ owó òbí jù. Ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan èyí tó ní, òbí wá rò pé bóyá nítorí pé kò dára tó ni. Tuntun dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn bí oyin, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ẹni tí kì í fi èyí tó wà nílé dánra wò kò ní tìtorí pé òmíràn ń dán kó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo ní mi ò bi ọmọ mi nìyí: kí ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò lè ṣe? Ọmọ tó ti dàgbà ju ohun èlò rẹ̀ lọ mọ ibi tó ti ń dí i lọ́wọ́, kì í rò ó pẹ́ kó tó dáhùn. Á ní, "Mi ò lè fọn ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣe ló máa ń já." Tàbí kó ní, "Kííbọ́ọ̀dù yìí kò gùn tó orin tí mò ń kọ́ báyìí." Ẹ fetí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kíì 61 ló wà lára ọ̀pọ̀ kííbọ́ọ̀dù, 88 ló wà lára píánò, orin tó ti le díẹ̀ sì lè kọjá ibi tí 61 mọ. Ọmọ tó ń tẹ píánò olóòró, tó ní kíì rẹ̀ kì í tètè padà sókè bí òun bá ń tẹ ibì kan náà léraléra, kò purọ́. Lọ́dún 1821 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí Sébastien Érard, ará Faransé tó ń ṣe píánò, gbé jáde, tó ń jẹ́ kí píánò ńlá tó tẹ́ gbalaja lè tún ohùn kan náà dún kí kíì rẹ̀ tó gòkè tán. Píánò olóòró kì í sábà ní irú ẹ̀rọ yẹn.

Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "Irú ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n fọn ń lò," kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tó rẹwà ń wu ọ̀dọ́, ó ń wu àgbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wù ú nìyẹn, kò tíì di ohun tó nílò, ó sì lè dúró. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà nígbà tí ọmọ kò bá sí níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní èrè nínú ọjà náà, ẹ wá ẹlòmíràn bi.

Ẹ má ra òmíràn kí alátùn-únṣe tó wo èyí tó wà nílẹ̀

Ohun èlò tó ń yọ ọmọ lẹ́nu lè máà burú rárá, ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Àwọn awọ pẹlẹbẹ tó ń bo ihò ara sáksófóònù máa ń gbó. Bí ọ̀kan péré bá ń jò, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ sá lọ, ohùn ìsàlẹ̀ kò sì ní jáde. Ọmọ á máa fọn ún tagbára-tagbára, ọrùn rẹ̀ á le, á sì gbà pé òun ni òun kò mọ̀ ọ́n fọn. Jìtá tí okùn rẹ̀ ga jù sí ọrùn rẹ̀ máa ń dá ìka ọmọ lóró. Ọwọ́ alátùn-únṣe lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kódà okùn tuntun nìkan lè sọ jìtá tó ti kú di alààyè. Ní ti sáksófóònù, kí ẹ pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń fi sẹ́nu, tàbí kí ẹ fi èyí tó le tàbí tó rọ̀ jù ú lọ rọ́pò pẹlẹbẹ esùsú tó ń gbọ̀n níbẹ̀, lè tún ohùn ṣe ju bí ọmọ ṣe lérò lọ. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo ra tèmi. Alátùn-únṣe tó wo ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún kan sọ fún mi pé awọ mẹ́ta ló ń jò níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí èyí má sì sọ yín di ẹni tó ń ra ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà. Jìtá tí kì í dúró lórí ohùn tí wọ́n yí i sí kò lè kọ́ ọmọ létí, àbùkù rẹ̀ ni ọmọ á máa rù bíi tara rẹ̀.

Orúkọ tó wà lára rẹ̀ kọ́ ló ń dún

Antonio Stradivari, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú àwọn tó ń ṣe fáólíìnì, kú sí Cremona, ní Ítálì, lọ́dún 1737. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáólíìnì, láti fi hàn pé àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Òbí tó yọjú wo inú fáólíìnì àlòkù, tó rí orúkọ náà, tó sì sáré sanwó, bébà ló rà.

Kódà ojúlówó kì í borí nígbà gbogbo. Lọ́dún 2010, ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, olùṣèwádìí kan, Claudia Fritz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fáólíìnì 6 fún atafáólíìnì 21: tuntun 3, àtijọ́ 3, méjì nínú àwọn àtijọ́ náà sì jẹ́ ti Stradivari. Wọ́n fún wọn ní awò tí kò jẹ́ kí wọ́n ríran dáadáa. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, tuntun ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn kéré jù, ti Stradivari ni.

Ẹ ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìtajà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mọ iye tí wọ́n ń ta èyíkéyìí. Kó ta okùn rẹ̀, kó fọn ún, kó tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kó kẹ̀yìn kí olùkọ́ náà lò ó kí ó sì gbọ́. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè gbé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń fi ohun èlò háyà, tí wọ́n ń yọ lára owó háyà náà kúrò nínú iye tí wọ́n ń tà á, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Èmi ì bá ti gba sáksófóònù yẹn háyà fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ ṣì ń dàgbà

Fáólíìnì ní ìwọ̀n: ìlàjì wà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wà, odidi wà. Ẹ má da owó ńlá sí èyí tí apá ọmọ máa gùn jù láìpẹ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi wáyà tún eyín rẹ̀ tò, ẹ sún ríra tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì olówó ńlá síwájú, torí ètè ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wáyà yẹn sì máa ń yí bí wọ́n ṣe ń fọn ún padà. Ẹ tún ṣírò ohun tó ń tẹ̀ lé ríra. Píánò nílò kí wọ́n yí ohùn rẹ̀ ṣe bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, okùn tó wà nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 230.

Ẹ má sọ ọ́ di gbèsè lọ́rùn ọmọ

"Ṣé o mọ iye tí mo fi ra nǹkan yẹn?" Mo sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì rí bí ojú ọmọ mi ṣe ń ṣú nígbà kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni kò ti ṣeé ṣe fún un láti fọn ún nítorí pé ó wù ú. Tó bá fọn ún, gbèsè ló ń san. Tí kò bá fọn ún, olè ni. Ọ̀dọ́ tó wà nínú irú ìdè yìí á sá fún ohun èlò náà.

Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti jọ sọ ọ́: bí o bá fi í sílẹ̀ fún iye oṣù báyìí, a máa tà á, kò sì ní dìjà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ dá díẹ̀ lára owó rẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí ó sì jẹ́ ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ má so ó mọ́ ìdánwò ilé ìwé. Ọmọ tó pàdánù máàkì kò gbọ́dọ̀ tún pàdánù orin lọ́jọ́ kan náà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àbúrò ọmọ mi àgbà wá bá mi pé òun fẹ́ fáólíìnì tó dára ju tòun lọ. Mo bi í léèrè kí ni tirẹ̀ kò lè ṣe. Kò dáhùn, ó lọ gbé e wá, ó ta ohùn mẹ́rin fún mi, ó ní, "Ẹ gbọ́, bíi pé ó wà nínú ìkòkò." A gbé e lọ fún alátùn-únṣe. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fáólíìnì tó dúró láàárín iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Âme ni àwọn Faransé ń pè é, ìyẹn ẹ̀mí. Ó ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ọkùnrin náà tì í padà, ó gbé fáólíìnì fún un, ó ní kó ta á. Ọmọ náà ta ohùn mẹ́rin yẹn, ó wò mí, ó tún ta á. Ní ọ̀nà ilé, kò sọ ti òmíràn mọ́, ó gbé àpótí náà sórí itan rẹ̀ títí a fi délé.