Bí Mo Ṣe Fi Àwọn Fíìmù Ayé Ọ̀la Tó Dojú Rú Wéra Wọn

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló dé tí fíìmù kan á sọ pé báyìí báyìí ni ayé máa rí tó bá di ọdún báyìí, ọdún ọ̀hún á dé, á kọjá, ayé ò ní rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò ní yéé wò ó? Ẹ wo Blade Runner, oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n fi ìtàn ẹ̀ sí, nílùú Los Angeles. 2019 ti wá, ó ti lọ, a ò rí mọ́tò kankan kó máa fò lókè orí wa. Soylent Green tí wọ́n ṣe lọ́dún 1973 ní tiẹ̀ ní tó bá fi máa di 2022, èèyàn 40 mílíọ̀nù á ti há mọ́ra ní New York, wọ́n á máa sùn sórí àtẹ̀gùn. Ibo ló dà? Tó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ la fi ń díwọ̀n wọn, gbogbo wọn ni ò bá ti wọ igbó ìgbàgbé.

Ni mo bá ṣa díẹ̀ jọ, mo ní kí n wò wọ́n léraléra, kí n wo ohun tó ń gbé wọn ró. Mo yọ àwọn tó jẹ́ ìbọn àti ìjà ṣáá kúrò, kì í ṣe pé wọn ò dùn o, ó kàn jẹ́ pé nínú wọn, ìlú tó bà jẹ́ yẹn ò ju ibi tí wọ́n ti ń lé ara wọn kiri lọ.

Metropolis ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, Fritz Lang ló ṣe é ní Jámánì, ọdún 1927 ló jáde. Òun náà ló sì fún mi ní òṣùwọ̀n tí mo lò fún àwọn tó kù, torí fíìmù náà ò lóhùn rárá, síbẹ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan péré tó bẹ̀rẹ̀, o ti mọ òfin tí wọ́n ń gbé lábẹ́ ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tò, wọ́n doríkodò, àwọn kan ń wọlé síbi iṣẹ́, àwọn kan ń jáde, àwọn tó ń jáde yẹn ń wọ́ ẹsẹ̀ ju àwọn tó ń wọlé lọ. Aago tó wà lára ògiri, nọ́ńbà mẹ́wàá ló ní, wákàtí mẹ́wàá niṣẹ́. Ẹ wá wo ibi tí ọmọ olówó kan ti gba iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu ṣe: ẹ̀rọ kan tó rí bí aago ńlá, iná á tàn níhìn-ín, á tàn lọ́hùn-ún, o gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀pá aago náà lọ síbi tí iná bá ti tàn, tó o bá ti débẹ̀ iná ti tún lọ síbòmíì. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe fún wa. Kò sì pọn dandan, ojú ọmọ yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe fún àwọn fíìmù yòókù nìyẹn: mo pa ohùn wọn. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, kò sí ohùn, kò sí àkọlé ìsàlẹ̀, mo kàn mú bírò dání, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú òfin wo ni àwọn aráàlú yìí ń tẹ̀ lé, ta ló sì ń jẹ níbẹ̀. Tó bá parí, mo máa dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo máa wá tan ohùn ẹ̀.

Gattaca gbà mí lọ́kàn jù lọ. Ọdún 1997 ni, Andrew Niccol, fíìmù tó kọ́kọ́ darí nìyẹn. O tàn án, ohun tó o rí ni èékánná tí wọ́n gé, irun tó ń já bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn débi pé èékánná tóbi bíi pákó. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan ń fi nǹkan há ara ẹ̀, ó ń há a bí ẹni tí ara ẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ó kó gbogbo èépá yẹn, ó dáná sun ún. Ó so àpò ìtọ̀ mọ́ itan. Ó lẹ awọ kan mọ́ orí ìka, ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín wà lábẹ́ ẹ̀. Ó múra dáadáa, ó lọ síbi iṣẹ́, ó ki ìka bọ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ gún un, iná tan àwọ̀ ewé, ó wọlé. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan o, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: nílùú yìí, ara èèyàn ni káàdì ìdánimọ̀, àti pé káàdì ẹlòmíì ni ẹni yìí ń lò. Ìgbà tí mo tan ohùn ni mo tó gbọ́ pé dókítà ló ń bá àwọn òbí ṣa irú ọmọ tí wọ́n máa bí, tí wọ́n bá bí ẹ láìṣà, ilẹ̀ lo máa gbá.

Ohun míì tó jẹ́ kí Gattaca má gbó ni pé kò díbọ́n pé òun jẹ́ tuntun látìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ń wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi ìró mọ́tò oníná sí i lára, ilé ńlá tí wọ́n sì pè ní ọ́fíìsì, ilé ìjọba gidi ni ní California, Frank Lloyd Wright ló ya àwòrán ẹ̀. Alphaville ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú lọ́dún 1965, Jean-Luc Godard kàn gbé kámẹ́rà jáde ní Paris lálẹ́ ni, kò kọ́ ìlú kankan, ó ní ìlú míì nínú ọ̀run nìyẹn. Àmọ́ ká má parọ́ fúnra wa, nígbà tí mo pa ohùn Alphaville, oorun ló ń gbé mi. Kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣàkóso ìlú náà, ohùn ẹ̀ tó ń há yẹn ló sì ni fíìmù náà. Ibì kan ṣoṣo tí kò ti nílò ẹnu ni ibi odò ìlúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń yìnbọn pa àwọn èèyàn sínú omi, àwọn olómi tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ á wá bẹ́ sódò láti lọ parí iṣẹ́, àwọn èèyàn ńláńlá á máa pàtẹ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá tan ohùn, ẹ máa gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ò ju pé ó sunkún nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú.

Brazil ńkọ́? Háà. Terry Gilliam ló darí ẹ̀, 1985. Kòkòrò kan já bọ́ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lẹ́tà kan yí padà, Tuttle di Buttle, àwọn agbófinró lu òrùlé ilé onílé, wọ́n já wọlé lásìkò Kérésìmesì, wọ́n di ọkọ mú níwájú ìyàwó àti ọmọ, wọ́n fi àpò bò ó mọ́lẹ̀. Kò tíì tán. Òṣìṣẹ́ kan na ìwé sí obìnrin yẹn pé kó fọwọ́ sí i, rìsíìtì ọkọ ẹ̀ ni! Ó fọwọ́ sí i, wọ́n tún ní kó fọwọ́ sí òmíì, ìyẹn ni ẹ̀rí pé ó ti gba rìsíìtì. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí mi lẹ́nu torí ojú obìnrin yẹn. Kò sí róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, kò sí ọ̀gá burúkú kan tó ń pàṣẹ, àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró rí níwájú tábìlì òṣìṣẹ́ tó ń sọ fún un pé kì í ṣe fọ́ọ̀mù tó mú wá yẹn ni wọ́n ń béèrè, ó mọ fíìmù yìí kó tó wò ó. Tèmi ni pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀mí àwọn fíìmù yìí wà: kò kàn wọ́n bóyá ọdún tí wọ́n dá ti kọjá, ohun tí wọ́n fi òfin ìlú ṣe sí ọwọ́ èèyàn kan, ọwọ́ tó ń há ara, tó ń fọwọ́ síwèé, tó ń fa ọ̀pá aago, kò ní ọdún.

Children of Men (2006, Alfonso Cuarón) yege ìdánwò náà dáadáa. London ọdún 2027, ó ti tó ọdún 18 tóbìnrin kankan ti bímọ gbẹ̀yìn. Èrò kún ilé kọfí, gbogbo wọn gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń sunkún nítorí ọmọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí, òun lẹni tó kéré jù láyé, wọ́n ti pa á. Theo, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, ra kọfí tiẹ̀, ó jáde, kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, bọ́ǹbù gbé ilé kọfí yẹn lọ. Títí fíìmù fi parí, wọn ò sọ ohun tó mú àwọn obìnrin yàgàn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo wò ó tán, agbọ̀nrín tó ń rìn nínú ilé ìwé tó ti dahoro ni mi ò lè gbàgbé.

The Matrix (1999) ló wá ba òṣùwọ̀n mi jẹ́. Pa ohùn ẹ̀, aṣọ dúdú àti ẹ̀ṣẹ́ nìkan lo máa rí. Morpheus, ẹni tó mọ àṣírí ayé yẹn, gbọ́dọ̀ jókòó ti Neo, akọni fíìmù náà, kó máa ṣàlàyé, ó tún mú bátìrì dání pé ohun tí àwọn ẹ̀rọ sọ èèyàn dà nìyí, àlàyé tí kò bá sáyẹ́ǹsì mu, torí agbára tó o máa fi bọ́ èèyàn ju èyí tó o máa rí gbà lára ẹ̀ lọ. Ta ló bìkítà? Ẹnu àwọn èèyàn ò kúrò lára ẹ̀, ó ju gbogbo àwọn tó kù lọ níbẹ̀. Ìbéèrè tó bi ni ò jẹ́ kó kú, pé báwo lo ṣe mọ̀ pé ohun tó ò ń rí yìí jẹ́ òótọ́, o máa gbé ìyẹn dé orí ibùsùn.

Blade Runner wà láàárín. Láìsí ohùn, o rí iná tó ń tú jáde, òjò, ìpolówó Pan Am gàdàgbà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ti kógbá sílé láti 1991, àmọ́ o ò rí òfin, ìwé tí wọ́n kọ síbẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí òṣèré Rutger Hauer sọ nínú òjò yẹn ló gbà á là lọ́wọ́ mi, òun fúnra ẹ̀ ló gé e kúrú tó sì fi gbólóhùn tó gbayì jù sí i.

Ohun kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí, owó ò wọlé fún púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n jáde. Gattaca ná nǹkan bí 36 mílíọ̀nù dọ́là, kò rí ju bíi 12.5 mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà. Blade Runner jáde ní June 1982, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn fíìmù E.T., àwọn èèyàn sì ti rí ohun tó wù wọ́n wò. Ilé ni wọ́n ti wá dolókìkí, lórí fídíò, níbi téèyàn ti lè dá a padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, ẹ ṣọ́ ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú. Metropolis, ẹ wá ti 2010, èyí tí wọ́n fi apá tí wọ́n rí ní Buenos Aires lọ́dún 2008 tún ṣe, torí wọ́n ti gé e tó ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò láyé àtijọ́. Blade Runner, ti 2007, kì í ṣe ti 1982 tó ń sọ̀rọ̀ lé àwòrán lórí. Brazil, ìṣẹ́jú 142. Oníṣẹ́jú 94 kan wà tí wọ́n gé fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yọ òpin ẹ̀, wọ́n fi ayọ̀ sí i, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.