Bí mo ṣe yẹ `-n` tuntun wò nínú ètò tó ń to ìlà fáìlì

Ètò kékeré kan tí wọ́n fi èdè C kọ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó to ìlà fáìlì lẹ́sẹẹsẹ ní tẹ́mínà, bíi `sort` ti GNU, ètò tó ń to ìlà lórí Linux. Àtúnṣe tí wọ́n gbé wá fi `-n` kún un, kó lè to ìlà bí nọ́ńbà, kí 9 lè ṣáájú 10.

Kí n tó ka kóòdù rárá, mo fa branch náà (ẹ̀dà kóòdù tí àtúnṣe náà wà nínú rẹ̀) wálẹ̀, mo sì compile rẹ̀ pẹ̀lú `-Wall -Wextra -g -fsanitize=address,undefined`; èyí tó kẹ́yìn ló ń fi sanitizer kún un, tó ń ké bí ètò bá ṣàṣìṣe níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìdánwò tó bá a wá ló yege, àmọ́ nọ́ńbà kéékèèké nìkan ló wà nínú wọn, kò sì sí méjì tó dọ́gba.

Function tó ń fi ìlà méjì wéra ni mo wá jókòó tì. `atoi` ló fi ń sọ ìlà di nọ́ńbà, tó sì ń dá `a - b` padà: bí èsì bá jẹ́ òdì, ìlà `a` ló máa ṣáájú `b`. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n `int` kò gbà ju 2147483647 lọ. Mo kọ 2147483647 sí ìlà kìíní, -1 sí ìkejì. Ìyọkúrò náà yẹ kó jẹ́ 2147483648. Kò sí àyè fún un, ó bá di òdì, -1 sì wà lẹ́yìn níbẹ̀. Sanitizer ké lójú ẹsẹ̀: `signed integer overflow: 2147483647 - -1 cannot be represented in type 'int'`. Nígbà tí mo pààrọ̀ ipò ìlà méjèèjì, èsì tọ̀nà, torí -2147483648 wọ inú `int` dáadáa. Irú àléébù báyìí léwu gan-an: ó lè fara pa mọ́ fún ọdún pípẹ́. Mo ní kí wọ́n fi `(a > b) - (a < b)` rọ́pò rẹ̀, torí -1, 0 tàbí 1 nìkan ló ń mú wá.

`atoi` náà gbọ́dọ̀ lọ. Bákan náà ni "abc" àti "0" rí lójú rẹ̀. `strtoll` sàn jù, torí `endptr` rẹ̀ ń fi hàn bóyá ó rí nọ́ńbà kankan kà; kí wọ́n sì máa wo `errno`, ibi tí C ń kọ àmì àṣìṣe sí, bóyá `ERANGE` (nọ́ńbà tó kọjá àyè) ni.

Ó ku àwọn tó dọ́gba. `qsort`, function C tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, kò ṣèlérí pé "7 iṣu" àti "7 ata" máa dúró bí wọ́n ṣe wá. `sort` ti GNU máa ń fi odindi ìlà wéra nírú ibẹ̀, àyàfi tí èèyàn bá lo `-s`, tó ń fi àwọn tó dọ́gba sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wá. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú `--help`.

Níkẹyìn, mo fi `cmp`, ètò tó ń fi fáìlì méjì wéra, wé èsì rẹ̀ mọ́ ti `LC_ALL=C sort -n` (`LC_ALL=C` ń jẹ́ kó to lẹ́tà nípa iye báìtì wọn), lórí fáìlì òfìfo àti èyí tí ìlà ìkẹyìn rẹ̀ kò ní newline. Méjèèjì bára mu. Mo so fáìlì -1 yẹn mọ́ àkọsílẹ̀ mi, kó di ìdánwò kí a tó merge, ìyẹn ni kí a tó da àtúnṣe náà pọ̀ mọ́ kóòdù gangan.