Owó Àgbà Lórí Ọmọ Ọdún 8: Bí Mo Ṣe Yan Ẹ̀rọ Ìṣeré fún Ọmọ tí Kò Fẹ́ Ohun tí Ń Jáni Láyà

Owó àgbàlagbà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí ọmọ ọdún 8, nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi lọ ní àsìkò ìsinmi ilé ìwé, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó náà tó ohun tí a fi ń ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé wa ní Ìkòròdú. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n so fún ọmọ náà fún un láyè láti gun gbogbo ẹ̀rọ tí ń yí, tí ń fì, tí ó sì ń sáré nínú ọgbà náà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó gùn nínú wọn, nítorí pé kì í fẹ́ ohun tí ń jáni láyà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù, san ìdajì owó, ó sì gun èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá gbọ́ lè béèrè pé kí ni mo ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀ fún. Ìdáhùn mi ni pé mo múra sílẹ̀ kí a tó lọ, ìmúra náà sì ṣiṣẹ́ gan-an. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ni ojú mi ti rí màbo.

Ẹ̀rù ọmọdé kì í ṣe oríṣi kan, ohun tí mo sì kọ́kọ́ ṣe ni láti wádìí èyí tí ó ń ṣe Àjọkẹ́, ọmọ ọdún 8 náà. Ọmọ kan wà tí ibi gíga ń bà lẹ́rù, òmíràn wà tí òkùnkùn ń dà láàmú; ariwo òjijì ni ti ẹlòmíràn, àwọn kan kò sì fẹ́ kí wọ́n fi irin há àwọn mọ́ orí ìjókòó tí ẹlòmíràn nìkan lè ṣí. Kò sí ìdí láti náwó kí ènìyàn tó mọ èyí tí ó kan ọmọ tirẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìdánwò náà ní Ìkòròdú. Bí iná bá lọ lálẹ́, Àjọkẹ́ ni ó máa ń wá tọ́ọ̀ṣì fún àwọn yòókù, nítorí náà òkùnkùn kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ní ilé àǹtí mi ní Sábó, ó máa ń fara ti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti wo àwọn tí ń ná ọjà nísàlẹ̀, nítorí náà ibi gíga kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì bá sáré gun gegele lójú ọ̀nà, yóò di ikùn mú, yóò sì sọ pé ikùn òun fò. Lórí jangilọ́fà ilé ìwé wọn, ó fẹ́ràn bí ó ṣe ń lọ sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ ni yóò di ojú pinpin, tí yóò sì fi gbogbo agbára di ṣéènì mú.

Ohun tí ó ń ṣe é yìí kò ṣòro láti lóye. Ìjókòó ni ó máa ń ti ara wa sókè, títì náà ni a sì ń mọ̀ lára bí ìwúwo. Nígbà tí ìjókòó bá ń já bọ́ pẹ̀lú ẹni tí ó wà lórí rẹ̀, kò sí ohun tí ń ti ara sókè mọ́, ìfun àti àwọn ohun inú yòókù yóò sì fúyẹ́ lójijì. Èyí yàtọ̀ sí eré sísá. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Space Mountain wà ní Walt Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Florida, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ, dánfó tí ó ń bọ̀ láti Máìlì Méjìlá yóò sì sá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì bí ọ̀nà bá dá. Síbẹ̀ ó ń já àgbàlagbà láyà, nítorí pé inú òkùnkùn ni ó ti ń sáré, ẹni tí ó gùn ún kò sì lè mọ ìgbà tí yóò yà tàbí ìgbà tí yóò já wálẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 112 ni gíga tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀, ọmọ ọdún 6 sì lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń wo fọ́nrán ẹ̀rọ kan lórí fóònù, n kì í wo bí ó ṣe yára tó. Ibi tí ó ti ń já wálẹ̀ ni mo máa ń wò, àti bóyá ẹni tí ó gùn ún ń rí ibẹ̀ kí ó tó dé e.

Láti Ìpakòdó ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́nà ju pé mo jókòó ti Àjọkẹ́ láti ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lu ìgbì. Ó kọ́kọ́ di okùn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú gírígírí, nígbà tí ó yá ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àbúrò rẹ̀ jiyàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí jíjábọ́ náà bá kéré, tí ó sì ń wá bákan náà lemọ́lemọ́, yóò mọ́ ọn lára.

Ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń gba owó, ọ̀pá ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn títí dé sẹ̀ǹtímítà 130, tí wọ́n sì fi pupa kùn láti ibẹ̀ lọ sókè. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá wà ní àwọ̀ ewé yóò san owó ọmọdé, ẹni tí ó bá wọ pupa yóò san owó àgbà. Mo ti fi téèpù télọ̀ wọn Àjọkẹ́ nílé, 126 ni, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ọ̀pá náà ṣe gbé pátákó pẹlẹbẹ tí ó fi ń wọn orí lé irun ọmọ mi. Ṣùkú ni a dì fún un, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sí àtàrí, onídìrí sì ti fi àtáṣímẹ́ǹtì kún un kí ó lè dúró ṣánṣán. Ṣóńṣó irun náà ni pátákó dúró lé, ó sì bọ́ sínú pupa.

Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn orí, ẹ má wọn irun.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, Mọ̀mí, ohun tí ọ̀pá bá sọ ni abẹ́ gé.” Mo fi ìka tẹ irun náà wọlé kí ó lè rí ibi tí agbárí wà gan-an. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti gba “àgbà” wọlé, òun kò sì ní àṣẹ láti pa á rẹ́. Mo ní kí ó pe ẹni tí ó ní àṣẹ. Ó ní ọ̀gá àwọn lọ jẹun.

A dúró dè é nínú oòrùn, àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá kan ní kí n fi ìyókù owó náà ṣe sàárà, kí n má fi ọ̀rọ̀ irun dá gbogbo ayé dúró. Mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán pẹ̀lú sùúrù, ó sì ní bí mo bá lè tú irun náà, àwọn yóò tún ọmọ náà wọn. Irun tí onídìrí fi gbogbo ọ̀sán dì, tí mo sì san owó rẹ̀! Mo wo Àjọkẹ́, omi ti lé ròrò sí i lójú, kò sì tíì rí ẹ̀rọ kankan tí yóò bà á lẹ́rù. Mo san owó àgbà. Mo béèrè bóyá a lè máa san owó ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe ń gùn ún, wọ́n ní nítorí ìsinmi, ẹ̀gbà ọwọ́ nìkan ni àwọn ń tà. Mo béèrè bóyá wọn yóò dá díẹ̀ padà bí kò bá gun àwọn ẹ̀rọ ńlá, ọ̀gá náà sì nàka sí ara ògiri níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó tí ó bá ti wọlé kò ní padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọbìnrin lọ síbẹ̀, kí ó di kòlẹ́sẹ̀ fún un, irun tí ó lẹ̀ mọ́ orí láti iwájú dé ìpàkọ́, kí ó sì fi fóònù béèrè irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ náà kí ó tó jáde nílé.

Ohun tí ó bí mi nínú jù ni pé irú ọ̀pá yìí náà ni wọ́n ń lò lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹ̀rọ ńlá. Gíga tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ wà kí irin ìdábùú itan àti bẹ́líìtì lè di ara mú dáadáa. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá ọmọ náà yóò gbádùn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì kì í di irun mú. Ọmọ tí ṣùkú gbé kọjá ìlà kò tíì ga tó láti jókòó síbẹ̀ rárá. Ẹ tún máa wo irin kan ṣoṣo tí ó ń bo itan ènìyàn méjì, nítorí itan ẹni tí ó sanra jù ni yóò dá irin náà dúró. Nínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo kọ́kọ́ bá ọmọkùnrin mi wọ̀, irin náà dúró lórí itan tèmi, mo sì ki ìkúùkù mi bọ àlàfo tí ó wà láàárín rẹ̀ àti itan ọmọ náà, ó kọjá láìkan ohunkóhun. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, jọ jókòó.

A kì í tò sídìí ẹ̀rọ kankan títí a ó fi wo bí ó ṣe ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ Àjọkẹ́ ni a máa ń wò bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pariwo fún fáàrí. Bí ó bá fa etí ìborùn mi, a ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, n kò sì ní béèrè ìdí. Nídìí ọkọ̀ ńlá tí ń fì síwá fì sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní pirate ship, mo fi hàn án pé àwọn tí wọ́n wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni ó ń gbé lọ sókè jù, àti pé àárín ni ó rọ̀ jù. Ó wò ó, ó fa ìborùn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, “Ọmọ ńlá báyìí, ẹ̀rù ń bà ọ́?” Mo wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì wá ibòmíràn wò.

Kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń gbé ènìyàn lọ sókè roro ni gbogbo ènìyàn ní kò ní lè gùn, èmi sì mọ̀ pé yóò gùn ún. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí George Ferris ṣe ní Chicago ní ọdún 1893 ga tó nǹkan bíi mítà 80, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ sókè, jẹ́jẹ́ náà ni ó ń bọ̀ wálẹ̀, ikùn kò sì ní fò. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti sọ fún un tẹ́lẹ̀ ni pé yóò máa dúró lókè nígbà tí wọ́n bá ń kó ènìyàn sí i nísàlẹ̀, kí ó má baà rò pé ó bàjẹ́. Nígbà tí a dúró lókè, ó nàgà, ó ń wá apá ibi tí Ìkòròdú wà lódìkejì ọ̀sà. Ó ní kí a tún gùn ún, a sì tún gùn ún.

Akíkanjú inú ilé wa, àbúrò Àjọkẹ́, ni ó bì. Àwọn ife ńlá tí ń yí, tí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ tún lè fi ọwọ́ yí yára sí i, ni ó wọ̀ lẹ́yìn tí ó jẹ ìrẹsì tán. Omi wà nínú àwọn ihò kékeré inú etí wa. Bí ara bá dúró lẹ́yìn yíyí, omi náà kò ní tètè dúró, ojú àti etí yóò sì máa bá ara wọn jiyàn. Láàárín ọdún 2 sí 12 ni irú èébì bẹ́ẹ̀ máa ń da àwọn ọmọdé láàmú jù, kò sì bèèrè ẹni tí ó láyà. Kí wọ́n tó wọ ohun tí ń yí ni kí wọ́n má tíì jẹun.

Láti ìgbà tí a ti padà dé, Àjọkẹ́ ti ń béèrè nípa roller coaster kékeré tí àbúrò rẹ̀ gùn, ìyẹn ọkọ̀ tí ń gun òkè, tí ó sì ń já wálẹ̀ lórí irin, nítorí mo sọ fún un pé èyí àkọ́kọ́ tí LaMarcus Thompson ṣe ní Coney Island ní New York ní ọdún 1884 kò sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan lọ. Mo ti gbà fún un, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ wò ó, a kò sì ní jókòó sẹ́yìn, nítorí ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà máa ń wọ́ já wálẹ̀ láti orí òkè jù. Àárín ni a ó jókòó sí.