Ọjọ́ téèyàn ṣe é ni kẹ́ ẹ wò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí òfin tó ń wẹ̀yìn (òfin tuntun tó ń mú ohun téèyàn ti ṣe kí òfin náà tó jáde) ní Nàìjíríà

Tí wọ́n bá mú èèyàn wa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tọ́lọ́pàá mú un, ẹ má sì wo ọjọ́ tó dé kọ́ọ̀tù, ọjọ́ tó ṣe nǹkan ọ̀hún gan-an ni kẹ́ ẹ wò, torí abala 36(8) nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ téèyàn ṣe é, wọn ò lè torí ẹ̀ dá a lẹ́bi lónìí. Ìyà náà ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbàgbé. Tí òfin tuntun bá sọ ẹ̀wọ̀n ọdún 2 di ọdún 10, ẹni tó ti ṣe tiẹ̀ kí òfin yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyà tiẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ọdún 2 yẹn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun jẹ̀bi kí lọ́yà tó yẹ ọjọ́ inú ìwé ẹ̀sùn wò. Àmọ́ tó bá ṣì ń ṣe é lọ lẹ́yìn tófin jáde, èyí tó ṣe lẹ́yìn yẹn máa mú un o.

Ẹ má sì rò pé gbogbo òfin tó ń wẹ̀yìn ni wọ́n kà léèwọ̀. Abala 4(9) gba agbára yẹn lọ́wọ́ aṣòfin Abuja àti tìpínlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn nìkan ni. Owó orí tàbí owó oṣù, òfin ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bó bá ṣáà ti sọ ọ́ kedere. Bí wọ́n bá sì fagi lé òfin, ìyẹn ò pa ẹ̀ṣẹ̀ téèyàn ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé e rẹ́, Interpretation Act, ìyẹn òfin tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ àwọn òfin, ti sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù lẹni tó ń pe gbogbo èyí ní gírámà lọ́yà. Lọ́dún 1984 ìjọba ológun gbé Decree 20 jáde (decree lorúkọ òfin táwọn ológun ń ṣe), wọ́n jẹ́ kó wẹ̀yìn, wọ́n sì fi ikú sí i fún oògùn olóró, nígbà tó di April 1985 wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin 3 l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kì í ṣe ikú rárá! Ìwé òfin 1979 ní irú ààbò yìí o, àmọ́ decree ológun ló ń borí gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn.

Ní báyìí tí ìwé òfin ti ga ju ẹnikẹ́ni lọ, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé òfin kéré sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ orí, ẹ ní kí lọ́yà gbé e síwájú adájọ́ níbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ẹ má fi dúró de àpíìlì.