Pánù Tí Òjò Ò Pa Rí: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ojú Irin Àwòṣe

Ẹni tó bá ti dúró ní ìbùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ rí, ní Agége tàbí ní Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, mọ̀ pé kò sí ohun kan níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Pánù ti dógùn-ún níbi kan, ó ṣì ń dán níbòmíràn. Ògiri funfun lókè, ó pupa nísàlẹ̀. Koríko ti gba àárín irin méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú irin àwòṣe, ìyẹn ojú irin, ọkọ̀ àti ilé kéékèèké tí a kọ́ sórí pátákó láti fi jọ irú ibẹ̀, máa ń jáde bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí, tàbí bí ohun tí wọ́n rì bọ inú agolo ọ̀dà. Ìyá kan náà ló bí méjèèjì: ẹni tó kùn ún kò bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni ìdọ̀tí yìí ti wá, ọ̀nà wo ló sì gbà dé ibi tó wà.

Ọ̀nà irin àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú búrọ́ọ̀ṣì rárá ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé, nínú ìbú ojú irin. Ojú irin àwòṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà ni èyí tí wọ́n ń pè ní HO, tí ìbú rẹ̀, láti irin kan dé èkejì, jẹ́ mìlímítà 16.5. Ní òṣùwọ̀n 1:87, níbi tí mìlímítà kan lára àwòṣe ti dúró fún mìlímítà 87 lára ohun gidi, ìyẹn bá mìlímítà 1,435 mu rẹ́gí, ìbú ọ̀nà tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Ti àtijọ́ kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni, mìlímítà 1,067. Bí ẹ bá tẹ́ irin 16.5 sábẹ́ ọkọ̀ 1:87 tí ẹ sì pè é ní ọ̀nà àtijọ́, ọkọ̀ náà á dúró bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ jù, kò sì sí eruku tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúró ní 1:87, irin oní-mìlímítà 12 ni kí ẹ lò, nítorí 1,067 tí a bá fi 87 pín jẹ́ 12.26. Bí irin 16.5 bá ti wà nílẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó dànù, ẹ kọ́ ọkọ̀ àti ilé ní 1:64: 1,067 tí a bá fi 64 pín jẹ́ 16.67. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn tó ń ṣe àwòṣe rélùwéè Queensland ní Australia, New Zealand àti South Africa ti ń tọ̀ tipẹ́, torí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni irin tiwọn náà. Gbogbo ìwọ̀n tó kù nínú àròkọ yìí jẹ́ ti 1:87.

Sílípà, ìyẹn ohun tó dábùú lábẹ́ irin, tún ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Èyí tó wà nínú páálí ní ìlà igi lára, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kùn ún ní àwọ̀ igi. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n tẹ̀ bí ọpọ́n tí a dojú rẹ̀ dé ni ọ̀pọ̀ sílípà ọ̀nà àtijọ́, torí ikán ń jẹ igi. Ẹ fi sándípépà tó kúnná ha ìlà igi náà kúrò, kí ẹ wá kùn ún ní àwọ̀ irin ògbólógbòó tí erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tuntun lẹ ń ṣe, kọnkéré ni sílípà rẹ̀, àwọ̀ eérú ni ẹ ó lò.

Ẹ yan oṣù kan kí ẹ tó ra koríko. Àìyan oṣù ló ń mú kí ẹlòmíràn bu eruku ọyẹ́ sórí òrùlé, kó sì tún tẹ́ koríko oṣù keje, tó tutù minimini, sí ìsàlẹ̀ ilé kan náà. Lóṣù kìn-ín-ní, koríko ti pọ́n, àwọn kan ti jóná dúdú lẹ́bàá ojú irin, eruku tó rí funfunfunfun sì bà lé gbogbo ohun tó tẹ́jú sókè: òrùlé, ewé, orí wágọ́nù. Lóṣù keje, òjò ti fọ eruku yẹn kúrò lórí gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù lára ògiri ni ìlà dúdú tó tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ fèrèsé, níbi tí omi ń gbà ṣàn sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti pánù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ díẹ̀, torí òrùlé lojú ń kọ́kọ́ bà lé nígbà tí a bá ń wo àwòṣe láti òkè. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a fi ẹyọ kan ṣoṣo bo gbogbo ilé. Pánù gidi a máa wá ní abala-abala. Abala tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ jẹ́ mìlímítà 28 ní 1:87, ìbú rẹ̀ a sì tó mìlímítà 9. Láti orí ìgbì kan dé èkejì jẹ́ ínǹṣì mẹ́ta lára pánù gidi, èyí tí kò tó mìlímítà kan lára àwòṣe. Ẹ tẹ fóìlì ilé ìdáná mọ́ ohun tó ní ìlà tóóró bẹ́ẹ̀, irú bí ara bóòtù onírin gígùn tí eyín rẹ̀ wẹ́, kí ẹ gé e ní abala, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n láti etí òrùlé lọ sókè, kí ti òkè máa gun ti ìsàlẹ̀. Ìgbì kan ni kí ẹ̀gbẹ́ fi bo ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi àwọ̀ ọsàn kun gbogbo rẹ̀ torí wọ́n gbọ́ pé ìdógùn-ún pupa. Ìdógùn-ún tuntun ló ní àwọ̀ ọsàn, ní tínńtín. Èyí tó ti pẹ́ dúdú bí obì tó gbẹ. Nínú abala mẹ́wàá, ẹ fi bíi méjì sílẹ̀ ní àwọ̀ pánù tí kò dán mọ́, ẹ jẹ́ kí márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí mẹ́ta tó kù ti dé àwọ̀ obì gbígbẹ, kí ẹ má sì tò wọ́n ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ibi tí pánù ti kọ́kọ́ ń dógùn-ún ni ojú ìṣó, ibi tí abala méjì ti gun ara wọn, àti etí tí wọ́n gé. Àwọn ibi yẹn ni kí ẹ kán ọ̀dà sí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó fà á wálẹ̀ tẹ̀lé kòtò ìgbì títí dé etí òrùlé, bí omi òjò ṣe ń sàn án. Ìlà tó bá dábùú òrùlé ti fi hàn pé kì í ṣe òjò ló ṣe é.

Ọ̀dà akríílíìkì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan, tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí òrùlé wà ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó máa wà lórí ilé nígbà tó bá ń gbẹ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ọ̀dà á dúró lójú kan, á sì gbẹ ní òrùka. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó gbẹ dé ààbọ̀. Níbẹ̀ ni àbàwọ́n ti ń wá. Ẹ má sì po ọ̀dà mọ́ sípírítì láti fi kun orí fáníìṣì tí kì í dán, torí sípírítì máa ń sọ ọ́ di funfun bí ẹfun. Omi nìkan ni kí ẹ lò lórí rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ògiri ló kàn, ohun tó sì fi ilẹ̀ wa hàn jù lọ nìyẹn. Òjò tó ń ti etí pánù kán sílẹ̀ máa ń ta erùpẹ̀ pupa sí ògiri, ó sì lè ga tó ìdajì mítà. Lára àwòṣe, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 5 sí 7. Àṣìṣe ibẹ̀ ni fífi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà gbọọrọ yí ilé ká bí ẹni ń kun bèbè. Ìtasílẹ̀ ni: ó nípọn nísàlẹ̀, ó fọ́nká lókè, ó ga níbi tí òrùlé ti ń jò sílẹ̀ tààrà, kò sì sí rárá níbi tí fàráńdà bò. Ẹ ya kàn-ìn-kàn-ìn kékeré kan, ẹ tì í bọ inú ọ̀dà pupa, ẹ nù ún sára tíṣù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá máa fi kan ògiri láti ilẹ̀ lọ sókè. Kí pupa yìí bá erùpẹ̀ tó wà níwájú ilé náà mu. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ kan tí ìtasílẹ̀ jẹ́ àwọ̀ mìíràn, ojú á mọ̀, kódà bí ẹnu ò bá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Erùpẹ̀ gidi ló dára jù fún èyí, ṣùgbọ́n a kì í bù ú nílẹ̀ kí a kàn dà á sórí pátákó. Ẹ yan án nínú páànù títí á fi gbẹ, kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ẹ fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi òòfà tí ẹ fi ọ̀rá wé kọjá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyọ dúdú wẹ́wẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ òòfà náà, inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín ni ì bá lọ, torí òòfà wà nínú mọ́tò rẹ̀. Ẹ dán gọ́ọ̀mù wò lórí erùpẹ̀ náà níbi kan ná: ó máa ń mú kó dúdú sí i bó bá gbẹ, nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ.

Òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ ojú irin ló ń da ọkàn ènìyàn rú jù. Yanrìn ìkọ́lé ti tóbi jù, bí àpáta ló ń rí. Èyí tó bá kọjá nínú asẹ́ tíì ló sún mọ́ ìwọ̀n náà, mìlímítà 0.3 sí 0.7. Ẹ dà á sáàárín irin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́ ẹ títí tí kò fi ní sí ẹyọ kan lórí sílípà tàbí lára irin. Ẹ fọ́n sípírítì ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sí i títí yóò fi rin. Ẹ wá po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà mọ́ omi ní ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, ẹ kán ọṣẹ olómi sí i, kí ẹ fi síríńjì kán an láàárín sílípà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó bá fo sípírítì máa rí i kedere: ẹ̀kán gọ́ọ̀mù á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí eruku, á yí gbirigbiri, á kó òkúta mọ́ra, á sì fi kòtò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Níbi tí ojú irin ti ń pínyà, ẹ má kán gọ́ọ̀mù sítòsí irin tó ń sún. Òkúta péréte ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ sì máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ. Bó bá gan pa, yíyọ ni yóò kù. Bí ẹ bá sì kun ẹ̀gbẹ́ irin ní àwọ̀ ìdógùn-ún, ẹ fi àkísà tí ẹ wé mọ́ pákó nu orí rẹ̀ àti etí inú rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ, torí ibẹ̀ ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Irin tí ọkọ̀ ò ní gbà mọ́ láéláé nìkan la lè kun orí rẹ̀.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Èéfín ń bà lé òkè, eruku ilẹ̀ ń gun ìsàlẹ̀ bọ̀, epo ń ṣàn láti ẹnu táǹkì. Kò sí ìdí kankan fún ìdọ̀tí tó dọ́gba ní agbede-méjì ara ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì lẹ fi ṣe é, ẹ bù ú pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí fáníìṣì tí ẹ máa fọ́n sí i lẹ́yìn náà yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má kun ojú táyà irin tó ń yí lórí ọ̀nà.

Àwọn tó kù yá. Ọ̀dà alágolo tí a ń fọ́n máa ń jẹ fóòmù funfun, ọ̀dà tí a fi omi pò ni kí ẹ lò lórí rẹ̀. POP, ìyẹ̀fun funfun tó ń gan bí a bá pò ó, la ń dà sínú omi, a kì í da omi sórí POP. Kí ẹ sì po àwọ̀ erùpẹ̀ mọ́ ọn kó tó gan, kó má baà fi funfun hàn bó bá ṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má dà á sínú síǹkì, á gan nínú páìpù. Odò Ògùn kì í ṣe búlúù: lásìkò òjò, àwọ̀ tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí ló máa ń ní. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a ń pò pọ̀, tó ń gan bí gíláàsì, lẹ fi ṣe omi, ẹ wọn apá méjèèjì pé pérépéré, kí ẹ dí gbogbo etí pátákó kó má baà jò, kí ẹ sì má da ju mìlímítà mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Igi kéékèèké náà pọ̀ jù. Ọ̀pẹ tó ga mítà 15 yẹ kó ga tó mìlímítà 172 lára àwòṣe, síbẹ̀ a máa ń rí ọ̀pẹ tí kò ju ilé lọ. Eèsún tó ga mítà mẹ́ta yẹ kó tó mìlímítà 34, ó yẹ kó bo ẹni tó dúró nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé tó ń léfòó lórí ilẹ̀ náà wọ́pọ̀: ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà méjì, ẹ ki ìpìlẹ̀ ilé bọ̀ ọ́, kí ẹ fi erùpẹ̀ jíjọ̀ dí àyíká rẹ̀.

Kí ẹ tó fọ́n fáníìṣì sórí ohunkóhun, ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù tí yóò máa tàn sórí pátákó náà gan-an. Pupa tó dára lójú oòrùn lè di àwọ̀ ọsàn lábẹ́ iná pípọ́n, ó sì lè ṣú lábẹ́ iná funfun. Ẹ gbé fóònù kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀, bí ìwọ̀n ojú ènìyàn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹn mìlímítà 20 sókè, kí ẹ ya fọ́tò. Ibi tí ojú yín bá kọ́kọ́ lọ, tó bá jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ̀, àwọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fi eruku tó mọ́lẹ̀ pa á rọ, kí ẹ tún ya òmíràn.