Sólà fún abà oko: fíùsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà

Abà bàbá wa wà lọ́nà Ìlárá ní Kétu níbí, ní Benin, òpó iná ìjọba ò tíì débẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ náà sì ti sú gbogbo wa, ni mo bá ní ká ṣe sólà lọ́dún èṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é o. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ahéré, èkejì ló ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ohun tójú mi rí nínú méjèèjì ni mò ń kọ síbí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pánẹ́lì. Òun lojú kọ́kọ́ ń rí lọ́jà torí ó tóbi ó sì ń dán, ẹni tó ń tà á á ti máa búra fún yín pé èyí á gbé firíìjì. Ẹ jókòó sílé ná, ẹ mú bírò, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò, iye wọ́ọ̀tì tó ń jẹ àti wákàtí tẹ́ ẹ máa fi lò ó. Tiwa rèé: gílóòbù LED mẹ́rin, wọ́ọ̀tì 7 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5 lálẹ́, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ìyẹn wọ́ọ̀tì-wákàtí 140. Fáànù 12 vóòtì tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 25, wákàtí 8, torí bàbá ò lè sùn nínú ooru, 200. Fóònù mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká pè é ní 45. Rédíò wọ́ọ̀tì 10 fún wákàtí 4, 40. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 425 lójúmọ́. Iná máa ń ṣòfò nínú waya àti nínú bátìrì, ẹ fi nǹkan bí 30 nínú 100 lé e, ó di bíi 550. Firíìjì ò sí níbẹ̀ o, áyọ́ọ̀nù náà ò sí níbẹ̀, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Oòrùn tiwa mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí 4 péré ni kẹ́ ẹ kà sí oòrùn gidi lójúmọ́, torí òjò Òkúdù àti eruku ọyẹ́. Ẹ pín 550 sọ́nà mẹ́rin, kò tó 140, pánẹ́lì 200 wọ́ọ̀tì kan á gbé e, á sì ṣẹ́kù.

Bátìrì ló ń jẹ owó, ibẹ̀ náà lewu wà. 12 vóòtì 100Ah (Ah ni iye iná tó ń gbà), ẹ fi 12 sọ 100 di púpọ̀, wọ́ọ̀tì-wákàtí 1200 nìyẹn lórí ìwé. Tó bá jẹ́ olójé, ìdajì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 600, alẹ́ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ lithium, ẹ lè lo 80 nínú 100, ó sì ń pẹ́ ju olójé lọ dáadáa, àmọ́ owó ẹ̀ ga. Bátìrì mọ́tò ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún mọ́tò jare, kó ta ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà niṣẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń fa iná inú ẹ̀ tán lálaalẹ́ kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Rẹ́gúlátọ̀, ohun táwọn èèyàn wa lódìkejì bọ́dà ń pè ní controller, òun ló ń wà láàárín pánẹ́lì àti bátìrì tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì, ẹ ra ti 30 amps (amps ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú waya), kẹ́ ẹ sì rí i pé ó mọ irú bátìrì tẹ́ ẹ ní.

Ó wá ku fíùsì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jó já kó lè gé iná bó bá ti pọ̀ jù. Lákọ̀ọ́kọ́ mo so bátìrì mọ́ inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí wọ́n ń lò nínú ilé, láìfi nǹkan kan sáàárín, torí ọmọ tó bá mi ṣe é ní fíùsì ti wà nínú inverter. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, inverter ló ń ṣọ́, kò mọ nǹkan kan nípa waya tó wà lóde. Eku lọ jẹ rọ́bà ara waya pupa àti dúdú tí mo fi téèpù dì pọ̀, bàbà bá kan bàbà. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí èéfín. Rọ́bà yẹn yọ́, ó ń kán tótó sílẹ̀ bí oyin, ohun tó kó wa yọ ni pé orí ilẹ̀ ló ń kán sí, kì í ṣe orí koríko. Mo fi àkísà gbígbẹ wé ọwọ́ mo fà á yọ lórí bátìrì, àpá ẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò mi.

Torí náà, orí waya pupa ni fíùsì ń wà, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Inverter 500 wọ́ọ̀tì lè fa ju 40 amps lọ látinú bátìrì 12 vóòtì, fíùsì 60 àti waya 16 mm² la fi sí i. Ohun tí fíùsì ń gbé gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tí waya ń gbé, kó jẹ́ fíùsì ló máa kọ́kọ́ kú. Tó bá sì jó, ẹ má fi ìṣó rọ́pò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Breaker náà, ìyẹn ṣíìṣì tó ń pa ara ẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù, ti DC, irú iná tó ń jáde látinú bátìrì, ni kẹ́ ẹ béèrè, ti inú ilé lásán kì í lè pa iná bátìrì dáadáa tó bá ti ń ṣẹ́ná.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó, bátìrì ló ń kọ́kọ́ wọ rẹ́gúlátọ̀, pánẹ́lì á wá tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ń tú u, pánẹ́lì ni kó kọ́kọ́ kúrò. Pánẹ́lì ò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á, bí oòrùn bá ṣáà ti ń ràn iná ń bọ̀, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan waya. Ẹ bọ́ òrùka. Ẹ wé téèpù mọ́ ọwọ́ sípánà, torí sípánà tó bá dábùú orí pupa àti dúdú á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ.

Gúúsù ni kí pánẹ́lì kọjú sí, ní Kétu níbí ẹ kàn kọjú ẹ̀ sọ́nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ dà á díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ẹ̀. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan lórí igun ẹ̀ lásán lè gba ọ̀pọ̀ iná lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ilé koríko, ẹ ri òpó irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ara irin ẹ̀ mọ́ ọ̀pá bàbà tẹ́ ẹ rì sílẹ̀, torí àrá.

Bátìrì olójé kì í sun yàrá kan náà pẹ̀lú èèyàn, gáàsì tó ń tú jáde lè gbiná. Tiwa wà nínú àpótí pákó lóde lábẹ́ páànù, mo lu ihò sókè sísàlẹ̀, mo fi nẹ́ẹ̀tì irin dí i nítorí àwọn eku yẹn. Lóṣooṣù mo máa ń fọwọ́ kan orí waya kọ̀ọ̀kan níbi tí rọ́bà wà, èyí tó bá gbóná ti dẹ̀ nìyẹn, màá pa gbogbo ẹ̀, màá fún un kó le.